Ilé Tó Ń Yẹ̀ Nínú Àwòrán

Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Keje

Ọkọ̀ lẹ́tà dé lónìí. Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì kan wá fún mi, pẹ̀lú bébà àwòrán àti ìdì pẹ́ńsù. Mo gbọ́ ohùn Mísíìsì Haslock, olùkọ́ tó ń fi lẹ́tà kọ́ wa ní àwòrán láti Adelaide, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń mu tíì lọ́wọ́. Ó ní, "Wenna, káàbọ̀ sí kíláàsì wa. Ìwọ lo jìnnà jù nínú gbogbo wọn, torí náà ìwọ ni màá máa bá sọ̀rọ̀ pẹ́ jù."

Iṣẹ́ àkọ́kọ́: kí n wá ibi kan, kí n gbé àga síbẹ̀, kí n má sì gbé e kúrò títí sáà yóò fi parí. Kí n gbé gíláàsì fèrèsé kan síwájú mi, kí n sì ya ohun tí mo rí nínú rẹ̀ bó ṣe tóbi tó gan-an. Ohun kan náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti àwòrán ojú èèyàn kan níparí. "Ibẹ̀ ò ní yí padà," ó ní. "Ojú rẹ àti ọwọ́ rẹ ló máa yí padà. Ìyẹn ni mo fẹ́ rí."

Bí iṣẹ́ mi bá dáa títí ìparí oṣù Kẹsàn-án, wọ́n lè gbà mí sí ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán ní Adelaide. Bí kò bá dáa, èmi àti Dádì la jọ wà níbí nìyẹn.

Oṣù Keje ni òtútù máa ń mú jù níbí; omi inú abọ́ ajá dì láàárọ̀. Òtútù Tasmania, níbi tí a ti kó wá, máa ń ní omi nínú. Tibí gbẹ bí àwo.

Ẹtì, 5 oṣù Keje

Mo ti rí ibi tí màá jókòó: ẹnu ọ̀nà wa. Inú òkè là ń gbé, bí ọ̀pọ̀ ará ibí, nínú yàrá tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta. Ẹnu ọ̀nà nìkan ló ń rí oòrùn. Mo ti gbé gíláàsì fèrèsé àtijọ́ kan dúró sáàárín igi méjì. Nínú rẹ̀ ni mo ti ń wo òkè kejì, níbi tí ilé Ìyá Ilonka wà: ilé páànù, òpó èéfín olókùúta, àti òpó tẹlifóònù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò gbé wáyà kankan mọ́.

Ilé Ìyá Ilonka nìkan ló wà lórí ilẹ̀ ní agbègbè wa. Wọ́n ní nígbà tó dé láti Hungary, ó sọ fún Lajos ọkọ rẹ̀ pé òun ò ní wọ abẹ́ ilẹ̀ àfi tí òun bá kú. Lajos ló ń wọ̀ ọ́, ó ń wa ọ́pàlì, òkúta iyebíye tí gbogbo èèyàn ń wá níbí, títí ó fi kú.

Òkìtì erùpẹ̀ funfun àti ihò ni gbogbo ibi. Dádì ní kí n máa wo ibi tí mo ń tẹ̀, kí n má gun orí ilẹ̀ ẹlòmíì láìjẹ́ pé wọ́n pè mí, kí n má sì bi ẹnikẹ́ni ibi tí ihò rẹ̀ gbà lábẹ́. Wọn kì í bèèrè níbí, wọn kì í sì í sọ.

Mo ń ya òrùlé lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Ilonka fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó wò mí láti òdìkejì.

"Ìwọ ọmọ yìí! Kí lò ń kọ nípa mi?"

Mo gbé bébà sókè.

"Ojú mi ò débẹ̀! Ṣé mo rẹwà?"

Ilé nìkan ni mo yà, torí náà mo mi orí pé rárá. Ó rò pé mo dá a lóhùn ni. Ó rẹ́rìn-ín títí adìyẹ rẹ̀ fi tú ká.

Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Keje

Àwòrán mi àkọ́kọ́ padà dé. Mísíìsì Haslock kì í fi ọwọ́ kan iṣẹ́ wa. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló máa ń tẹ́ lé e, irú èyí tí èèyàn ń rí ìdí rẹ̀, orí ìyẹn ló sì ń kọ ohun tó rí. Ó ní àwòrán jẹ́ ti ẹni tó yà á, àlejò ni olùkọ́ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì onílé.

Lórí bébà fẹ́lẹ́ yìí, ó tọ egungun àwòrán mi: ìlà òkè, ìlà òpó tẹlifóònù, igun ilé, òpó èéfín. Ìlà tín-ín-rín ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tó yẹ̀ nínú wọn. "O ríran dáadáa," ó ní nínú kásẹ́ẹ̀tì. "Tọ́jú bébà yìí. Òun ni a ó máa fi wo ìyókù."

Mo gbọ́ ibi tó ti sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Irọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Mo gbọ́ ọ títí bátìrì fi rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù Keje

Òjò! Dádì jáde, ó sì la ẹnu sókè bí ọmọdé. Wọ́n ní irú rẹ̀ ò tíì rọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù Kosta, búrẹ́dì ti fi sẹ́ǹtì mẹ́jọ wọ́n sí i torí ọ̀nà ti di ẹrẹ̀.

Kosta ní, "Ọmọ Tasmania, ìwọ lo gbé òjò wá nínú báàgì. Ó tó báyìí, pa báàgì dé."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ti rí èsì tó dáa fún un, àmọ́ mo ti délé kó tó wá sí mi lọ́kàn.

Àìkú, 21 oṣù Keje

Òjò ò dá. Omi ń ṣàn wọ àwọn ihò àtijọ́. Mo dúró kí n rí ibi tó ti ń jáde. Kò jáde níbì kankan.

Ìṣẹ́gun, 30 oṣù Keje

"Òpó èéfín rẹ ti ṣubú sápá òsì," Mísíìsì Haslock ní. Lórí bébà fẹ́lẹ́ ó fi pẹ́ńsù pupa kọ ìlà kan tó dúró ṣánṣán, ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: *Wò ó dáadáa. Ohun tí èèyàn kọ́ máa ń dúró.*

Mo wò ó dáadáa. Mo yà á bí mo ṣe rí i.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù Kẹjọ

Ìyá Ilonka pè mí wá sílé rẹ̀. Ó ṣe kéèkì oníṣúgà kan, ó sì gbé ìbọn sórí itan bó ṣe ń gé e.

"Jẹun. O gbẹ bí ẹsẹ̀ adìyẹ."

Ẹyin kan wà lórí tábìlì. Bí a ṣe jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ ife tíì mi kọjá, ó forí lé ọ̀nà ìdí ààrò. Ìyá Ilonka na ọwọ́, ó gbà á létí tábìlì láìwò ó, bí ohun tó ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ẹ̀yin Ìyá," mo ní, "ẹyin yẹn..."

"Ẹyin ni. Ó rí roboto. Ẹ ò ní ẹyin ní Tasmania? Dákẹ́ kí o fi etí sílẹ̀."

Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé etí lé páákó ilẹ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró kan. Kò. Ó dákẹ́. Kò, kò. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ yọ onílé lẹ́nu.

"Eku," Ìyá Ilonka ní. Bí wọ́n ṣe ń pe àwọn olè tó ń gbẹ́ ihò oníhò níbí nìyẹn. "Wọ́n ń wá ohun tí Lajos fi sílẹ̀. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kí ẹ̀rù lè bà mí, kí n jáde, kí wọ́n wọlé. Màá jókòó lé wọn lórí."

Ó fi ẹsẹ̀ gbá páákó. "Ẹ ń gbọ́ mi? Mo ṣì wà níbí o!"

Abẹ́ ilẹ̀ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Kò.

Nígbà tí mo ń lọ, ilẹ̀kùn ò tì. Ó fi èjìká tì í pa lẹ́yìn mi.

Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Kẹjọ

Máàkì tó kéré jù tí mo tíì gbà. "Wenna, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ògiri tẹ̀, òpó èéfín fẹ́ bọ́. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Fi rúlà sí i. Bí àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ rẹ wò bá rí èyí, wọn ò ní wo ìyókù."

Mo sunkún díẹ̀. Dádì bi mí kí ló dé, mo ní erùpẹ̀ ló wọ̀ mí lójú.

Ẹtì, 9 oṣù Kẹjọ

Mo fi rúlà sí i. Lójú gíláàsì, ilé náà tẹ̀; lórí bébà mi, ó dúró. Bí mo ṣe ń fa ìlà òpó èéfín, ó dà bíi pé mò ń fọwọ́ sí ìwé tí n kò kà.

Ìṣẹ́gun, 13 oṣù Kẹjọ

"O ò rí i!" Mísíìsì Haslock ní. "Wò ó bí ilé náà ṣe dúró! O ti ń kọ́ ọ." Máàkì tó ga jù.

Mo dojú àwòrán náà délẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Kẹjọ

Mo mú bébà fẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ jáde, èyí tó ní egungun oṣù Keje, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Mo jókòó sórí àga tí n kò gbé kúrò rí, mo dijú kan.

Ìlà òkè bá òkè mu. Ìlà òpó tẹlifóònù wọ inú òpó náà bí ọwọ́ ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́. Àmọ́ ìlà ilé dúró lófìfo. Ilé kan tí a fi pẹ́ńsù yà dúró ṣánṣán lójú ọ̀run, níbi tí ilé ti wà tẹ́lẹ̀. Ilé gidi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ kúrò, bí ẹni tí òjìji rẹ̀ kọ̀ láti bá a lọ.

Ìyá Ilonka jáde láti fún adìyẹ lóúnjẹ. Ó gba inú òfìfo yẹn kọjá, ó sì juwọ́ sí mi.

Ẹtì, 16 oṣù Kẹjọ

Mo sọ fún Dádì pé ilé náà ń yẹ̀. Ó ní, "Ohun tó wà lábẹ́ ilé Lajos, Lajos nìkan ló mọ̀. Wenna, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Bí a bá lọ ń bèèrè ihò obìnrin yẹn, wọ́n á ní eku ni wá." Kò wo ojú mi. Nígbà tó yá, ó lọ dúró síwájú gíláàsì fúnra rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó wọlé.

Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Kẹjọ

Mo kó gbogbo àwòrán tí mo yà àti bébà fẹ́lẹ́ wọn fún ọkọ̀ lẹ́tà, àfi bébà àkọ́kọ́. Mo kọ lé e lórí pé: *Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé wọn lé ara wọn lójú fèrèsé. Ti rúlà ni irọ́.*

Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù Kẹjọ

Kosta wa ọkọ̀ wá, ó ń tẹ fèrè láti ìsàlẹ̀ òkè. "Wenna! Obìnrin Adelaide kan wà lórí fóònù ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun ò ní gbé e sílẹ̀! Má dúró wá bàtà!"

Àwọn ọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ nígbà tí mo wọlé. Mo kọjú sí ògiri.

"Wenna, ṣé ìwọ nìyẹn?" Ohùn rẹ̀ láìsí kásẹ́ẹ̀tì dà bí ti ẹlòmíì. "Mo ti gbé wọn lé ara wọn. Òkè ò kúrò níbi tó wà. Òpó ò kúrò. Ilé nìkan ló ń lọ. Ọwọ́ tí kò dáa máa ń yẹ gbogbo nǹkan ni, kì í yan ẹyọ kan. Ọwọ́ rẹ dáa. Èmi ni mo ní kí o tún un ṣe. Má bínú, ọmọ mi." Ó mí. "Ṣé ẹnì kan ń gbé inú ilé yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo ní. Lẹ́yìn náà mo tún un sọ sókè, kí àwọn tó wà lẹ́yìn mi lè gbọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ìyá Ilonka ni."

Ẹtì, 23 oṣù Kẹjọ

Dádì àti Kosta lọ kìlọ̀ fún Ìyá Ilonka. Ó na ìbọn sí wọn láti ẹnu ọ̀nà.

"Colm, ìwọ náà?" ó ní fún Dádì. "Mo rò pé èèyàn ni ẹ́, àṣé eku ni ẹ́! Ìwọ Kosta, o ti ń fojú sí ilẹ̀ mi láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí ẹ!"

"Ilẹ̀ ń jìn, Ilonka!" Kosta ní.

"Ìwọ ni kó jìn mọ́!"

Wọ́n padà wálé. Dádì ní ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá lórí ìbọn náà.

Àbámẹ́ta, 24 oṣù Kẹjọ

Mo lọ fúnra mi. Mo dúró síbi òkúta tí ilẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ títí ó fi rí mi.

"Wọ́n rán ẹ ni?"

"Rárá, mà. Mo fẹ́ ya yín."

"Èmi? Àbí ilé?"

"Ẹ̀yin. Ó ku àwòrán ojú kan kí iṣẹ́ mi pé."

Ó fi ọwọ́ gbá irun rẹ̀. "O sọ fún mi lọ́jọ́sí pé mi ò rẹwà."

"Mi ò gbọ́ ìbéèrè yín dáadáa ni, mà."

"Opùrọ́. Níbo la ti máa jókòó?"

"Lórí àga mi. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà."

"Kí eku sì wọlé lẹ́yìn mi."

"Ẹ ó máa wo ilé yín láti ibẹ̀ ni. Ẹ ò ní gbé ojú kúrò lára rẹ̀." Òtítọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ. Síbẹ̀ ó dún létí mi bí irọ́.

Àìkú, 25 oṣù Kẹjọ

Ó wá. Ó so gèlè búlúù, ó gbé ìbọn. Mo ní kó kọ́kọ́ dijú kan, kó wo inú gíláàsì.

Kò rí ilé rẹ̀ láti òkè yìí rí. Kì í gun ilẹ̀ ẹlòmíì. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, iwájú rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. "Ta ló ya ilé mi sókè yẹn?"

"Ibẹ̀ ló wà nínú oṣù Keje, mà."

Ó yọ ojú kúrò, ó tún fi wò ó. Ó na ìka, ó tọ òpó èéfín pẹ́ńsù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìka rẹ̀ dúró níbi tí ilé ìdáná yẹ kó wà.

"Lajos sọ fún mi pé òun ò gbẹ́ abẹ́ ilé ìdáná," ó ní. "Mo bi í. Ó fi orí ìyá rẹ̀ búra." Ó gbé ìbọn kalẹ̀ sára ògiri. "Kì í ṣe eku."

"Rárá, mà."

"Mo sì ń dá ilẹ̀ lóhùn. Ní gbogbo àkókò yìí, mo ń dá a lóhùn."

Àwọn ọkùnrin lọ kó adìyẹ, aṣọ àti àwòrán Lajos jáde, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú okùn ní ìbàdí. Ìyá Ilonka kọ̀ láti wọ inú òkè wa. "Mo ti sọ pé mi ò ní wọ abẹ́ ilẹ̀." Kosta fa kárávààn rẹ̀, ilé onítáyà kan, wá sí ẹnu ọ̀nà wa fún un.

Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹsàn-án

Mo fi àwòrán ilé tó kẹ́yìn ránṣẹ́. Mo yà á bó ṣe tẹ̀. N kò fi rúlà sí nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀sán. Ìyá Ilonka jókòó fún mi, mo ti dé ìpéǹpéjú òsì. Àwọn adìyẹ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò pariwo tó bí mo ṣe rò. Ilẹ̀ mí. Ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní ìdúró. Òpó èéfín ló kẹ́yìn. Kó tó wọlẹ̀, ó yí padà díẹ̀, ó sì dúró ṣánṣán, gẹ́gẹ́ bí Mísíìsì Haslock ṣe ní kí n yà á. Lẹ́yìn náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Erùpẹ̀ funfun gòkè bí èéfín láti ibi tí èéfín ti máa ń jáde. Òpó tẹlifóònù ò mì.

Pẹ́ńsù ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá Ilonka ò gbé ojú kúrò.

"Má dúró," ó ní. "Máa yà."

Mo yà á. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ wà nínú ojú yẹn. Mi ò fi nǹkan kan kún un.

Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Kẹsàn-án

Àwòrán ilé tó kẹ́yìn padà dé. Mo ṣí i níwájú Dádì àti Ìyá Ilonka, n kò mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Bébà fẹ́lẹ́ wà lórí rẹ̀. Ìlà òkè. Ìlà òpó tẹlifóònù. Kò sí ilé. Láàárín, níbi tó yẹ kó wà, àmì dúdú roboto kan wà, ó tóbi tó èékánná mi. Mísíìsì Haslock ti kọ déètì sí igun rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe: Ọjọ́rú, 4. Lọ́jọ́ yẹn, ilé ṣì wà lórí òkè.

Kásẹ́ẹ̀tì náà kúrú. "Wenna, mi ò mọ ohun tí màá sọ fún ẹ. Mo fẹ́ tọ ilé náà fún ẹ ni. Mo mọ̀ pé mo tọ̀ ọ́, mo rántí bí òrùlé ṣe rí lábẹ́ ọwọ́ mi. Nígbà tí mo wo bébà, kò sí níbẹ̀. Mo rò pé ó ti rẹ̀ mí. Mi ò jù ú nù torí mi ò fẹ́ parọ́ fún ẹ mọ́. Jọ̀ọ́, sọ fún mi pé obìnrin yẹn ti jáde."

Lẹ́yìn náà ariwo kásẹ́ẹ̀tì òfìfo nìkan.

Ìyá Ilonka ti bébà náà kúrò níwájú ara rẹ̀ pẹ̀lú ìka kan. "Sọ fún un pé mo ti jáde. Kó má sì fọwọ́ kan àwòrán tèmi."

Àìkú, 15 oṣù Kẹsàn-án

Àwòrán ojú rẹ̀ parí. Òun ni iṣẹ́ mi tó dáa jù. Láìsí i, iṣẹ́ mi ò pé, wọn ò sì ní gbà mí. Àmọ́ àwòrán tí olùkọ́ ò bá tíì fi bébà fẹ́lẹ́ tirẹ̀ lé, àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kì í gbà á.

Mo sọ fún Dádì pé n kò ní fi ránṣẹ́. Ó ní, "Wenna, bébà lásán ni." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ nínú kárávààn.

Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Kẹsàn-án

Ìyá Ilonka fúnra rẹ̀ ló yọ àwòrán náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, tó gbé e fún awakọ̀ lẹ́tà.

Mo sáré jáde. "Ẹ̀yin Ìyá, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ilé mi ti lọ, mo ṣì wà. Ṣé pẹ́ńsù obìnrin kan ló máa pa mí? Lọ fi omi sójú." Ó gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. "Wakọ̀ ẹ, kí lò ń wò?"

Ìyá Ilonka ò jẹun alẹ́.

Àbámẹ́ta, 21 oṣù Kẹsàn-án

Lóòórọ̀ lójoojúmọ́ mo ń dúró títí màá fi gbọ́ Ìyá Ilonka tó ń bú adìyẹ, kí n tó dìde.

Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kẹsàn-án

Atẹ́gùn líle, oòrùn pupa nínú erùpẹ̀. Ọkọ̀ lẹ́tà pẹ́. Nígbà tó dé, Ìyá Ilonka ti so gèlè búlúù, ó jókòó sórí àga mi.

"Ṣí i níbí."

Mo tú u. Àwòrán náà wà nísàlẹ̀, bébà fẹ́lẹ́ sì bò ó. Mo wá ìlà lórí rẹ̀, mi ò rí. Mo gbé e sójú oòrùn. Òfìfo ni. Ibi tí ojú rẹ̀ wà, òfìfo. Mo jókòó sílẹ̀.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ó ní. "Wenna. Kí ló yà?"

Ìsàlẹ̀ pátápátá, ní igun, ni mo ti rí i, pẹ̀lú pẹ́ńsù tó rọ̀ débi pé oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́. Mo kà á fún un.

*Mo tẹ́ bébà lé e, mo mú pẹ́ńsù, mo jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí ibi tí màá fọwọ́ kàn. Kí ó wà bó ṣe wà.*

Ìyá Ilonka gba bébà náà. Ó fi bojú bí ìbòjú ìyàwó, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i láti inú. Bébà náà fò sókè, ó balẹ̀, ó tún fò.

"Wò ó," ó ní láti abẹ́ rẹ̀. "Mo ń mí."